Àwọn Ọmọ Tí A Wẹ̀ fún Àlejò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí mi. Níbi tí mo wà ní Ṣàngótẹ̀dó yìí, mo kúnlẹ̀ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Rájí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti gbogbo ohun tó ti sọ nípa mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí Bàbá Àgbà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kí àwọn àbúrò mi tó wà lóko àti àwọn tó wà nílé ìwé. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ dé ọjà? Àwa níhìn-ín wà láàyè, ara wa dá, ọ̀rọ̀ nìkan ló kún inú wa.

Ẹ má bínú pé mo ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn wọn dípò kí n fi í ránṣẹ́ sí yín nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú yàrá. Bọ̀ọ̀dá Rájí ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí, ẹni tí mi ò gbúròó rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta pè mí lórí fóònù, ó ní òun gbọ́ pé mo fi ẹsẹ̀ ta owó ìrànwọ́ tí wọ́n gbé wá fún àwọn ọmọ tálákà, pé ìgbéraga Èkó ti wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin náà pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ní kí n wá aṣọ tó dáa wọ̀, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ àwọn tó gbé owó náà wá ní ọ́fíìsì wọn ní Oníru. Mo ní mo ti gbọ́, nítorí pé ẹ̀yin ni. Mi ò ní lọ, Màmá. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ, kí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ti Bọ̀ọ̀dá Rájí lè gbọ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́, nítorí ẹ máa ń bi mí bóyá mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Mo ṣì ń ṣe é. Táìlì ni mò ń tẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì sí ọkùnrin kankan tó ni ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ajah, yanrìn àti omi ni mò ń rù fún àwọn bíríkìlà. Bí mo bá ti sọ omi kalẹ̀, màá dúró máa wo ọ̀gá kan tó ń tẹ́ táìlì. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ yẹn wọ́. Ó fi ohun ìwọ̀n rẹ̀ lé e, ó rí i pé òótọ́ ni, ó wá ní kí n wá tẹ́ ẹ bó ṣe yẹ bí mo bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ilé tí mo ti tẹ́ táìlì sí ní Thomas Estate nìkan pọ̀ ju ilé tó wà ní agbo ilé wa lọ. Bí a bá ti ṣe tán, wọ́n á ní ká bọ́ bàtà wa ká má baà dọ̀tí ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa tẹ́, a ó sì jáde. Mi ò tíì jókòó nínú ọ̀kankan wọn rí.

Ojú ọjọ́ ibí kò jọ tiwa rárá. Òjò Ìgbòho máa ń pariwo kó tó dé, á rọ̀, á sì lọ. Òjò ibí lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kó má tíì dá títí di Ọjọ́bọ̀, omi á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó wá gba gbèsè. Bí kò bá sí òjò, atẹ́gùn ni. Láti ọ̀sán lọ ló ti ń fẹ́ bọ̀ láti òkun, ó ń ta yanrìn síni lójú, ó ń já aṣọ kúrò lórí okùn. Ẹ fi atẹ́gùn yìí sọ́kàn, Màmá. Òun gan-an ni ìṣòro wa.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù fún mi tẹ́lẹ̀. Kì í sí iṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á fọ aṣọ, màá gbálẹ̀, màá tún un gbá, màá wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì máa ro ilé. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí, irọ́ ni, ẹkún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sun tán. Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ Àìkú bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé, kọ́ kọ́, kọ́ kọ́, mo sì dìde tọ̀ ọ́ lọ.

Ilẹ̀ ṣófo kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun. Ibẹ̀ ni mo ti bá Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá. Káfíńtà ni, ọmọ ìjọ náà sì ni. Ó wọ sùtánà rẹ̀, kò wọ bàtà, nítorí àwọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ mímọ́ yẹn. Ó gbé ilẹ̀kùn kan lé orí dúrọ́ọ̀mù méjì, ó ta okùn sáàárín rẹ̀, àwọn ọmọdé bíi mẹ́jọ sì ń gbá tẹníìsì orí tábìlì lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn pátákó tí òun fúnra rẹ̀ gé. Mo dúró wò wọ́n. Bọ́ọ̀lù náà ń yà bàrá níbì kan ṣoṣo, ní gbogbo ìgbà. Mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. Mo kí i, mo ní Ẹ̀gbọ́n, tábìlì yín wọ́ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe tábìlì, pé bí mo bá ní tábìlì kí n gbé e wá. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo kó irinṣẹ́ mi lọ. Mo fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù mọ tábìlì kan, mo fi ohun ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ọwọ́ dán ojú rẹ̀ títí ó fi ń yọ̀ bí ìsàlẹ̀ àwo. Nígbà tó yá mo mọ èkejì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀fìnkìn ọjọ́ Àìkú fi mí sílẹ̀.

Ọmọ àwọn tó ń kọ́lé fún ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bàbá wọn ń po símẹ́ǹtì, ìyá wọn ń ta omi tútù tàbí kí ó máa dirun lẹ́bàá ọjà Ṣàngótẹ̀dó. Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá ti forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ni wọ́n, kí wọ́n lè máa gbà wọ́n láyè níbi ìdíje. Ẹgbẹ́ Ọmọ Tábìlì ni wọ́n ń jẹ́. Èmi di akọ̀wé wọn nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló ṣeé kà jù.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Kafilat, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ òsì ló fi ń gbá. Àwọn tó ń tẹ irin ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ó já bọ́ láti òkè ilé kan tí wọ́n ń kọ́, kò sì délé ìwòsàn kó tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Á wá, á kúnlẹ̀ kí wa, á mú pátákó rẹ̀. Ìgbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnì kejì kò rí i nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ á sì jáde.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì yẹn fúyẹ́ ju èèpo ẹyin lọ. Bí atẹ́gùn òkun bá ti dé, ibi tó bá wù ú ló máa gbé e lọ. Àwọn ọmọ náà wá kọ́ ọgbọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù bà sí àárín, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á gbá a sí, atẹ́gùn á sì bá wọn tì í padà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ó dà bí idán. Inú wa dùn, a mú wọn lọ sí ìdíje kan ní ilé ìwé ńlá kan ní Lekki. Gbọ̀ngàn ni wọ́n ti gbá a, wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa gbá ló bọ́ sí ìta tábìlì, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí ọwọ́ wọn ṣì ń dúró de atẹ́gùn. Gbogbo wọn ni wọ́n nà, tó fi mọ́ Kafilat. Ó bojú wo òkè gbọ̀ngàn náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Nígbà tí a ń bọ̀ wá sílé, ohun kan ṣoṣo tó bi wá ni pé ṣé àwọn ọmọ yẹn máa ń gbá a nínú ilé lójoojúmọ́ ni.

Òrùlé àti ògiri la nílò, Màmá. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Àjọ kan wà ní Oníru tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa lówó, àwọn tó ń ran ọmọ aláìní lọ́wọ́ láti ṣeré ìdárayá. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe ìjà ni mo wá bá wọn jà nínú ìwé ìròyìn. A kọ fọ́ọ̀mù wọn. Ó gùn ju ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a fẹ́, mo kọ òrùlé, ògiri, pátákó tòótọ́ àti owó ọkọ̀ lọ síbi ìdíje. Níbi tí wọ́n ti ní kí a ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ náà, mo kọ ọ́ pé atẹ́gùn ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pè wá pé inú àwọn dùn sí ohun tí a kọ, pé àwọn á wá wo àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá sọ fún àwọn òbí pé àlejò ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ. Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àlejò ń bọ̀ wá wo ọmọ yín, kí lẹ máa ṣe? Ohun tí ẹ̀yin náà máa ṣe ni wọ́n ṣe.

Ìyá Kẹ́hìndé, tó ń dirun lẹ́bàá ọjà, bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún gbogbo àwọn ọmọbìnrin láti ọjọ́ Jímọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n wẹ àwọn ọmọ, wọ́n fi kànrìnkàn họ ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n fi fásílíìnì pa wọ́n lára títí ojúgun wọn fi ń dán. Ẹni tó ní aṣọ Iléyá wọ aṣọ Iléyá. Ẹni tó ní aṣọ Kérésìmesì wọ ọ́, bó tilẹ̀ ti há. Ẹni tí kò ní bàtà yá bàtà. Ọmọkùnrin kan wọ agbádá, ó dé fìlà, kò sì lè gbé apá sókè gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun wá tààrà láti ìsìn nínú sùtánà tí ìyá wọn fi búlúù fọ̀. A ra mọ́ọ̀tì tútù fún àwọn àlejò, a sì fi ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe tò síwájú tábìlì mi, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Wọ́n lẹ́wà, Màmá.

Obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló wá, pẹ̀lú ọkùnrin ayàfótò kan. Àǹtí Ọ́fíìsì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọmọlúàbí ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń pe gbogbo àwọn ìyá ní Mọ́mì, ó sì mu mọ́ọ̀tì wa. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ láti orí agbádá sí orí bàtà, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ayàfótò rìn kọjá gbogbo àwọn ọmọ tí a ti wẹ̀. Ibi tí ó ti dúró ni iwájú ọmọ méjì tó wọ sùtánà, nítorí pé wọn ò wọ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, ó ń ya ẹsẹ̀ wọn, ó ní ohun tí òun ti ń wá láti àárọ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé bàtà wọn wà nínú àpò lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, pé nítorí aṣọ mímọ́ ni, pé bàtà méjèèjì tún jẹ́ tuntun. Ọkùnrin náà wo àpò, ó wo ẹsẹ̀, ó sì dé ojú kámẹ́rà rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà. A ò mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ wa.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n pè mí wá sí Oníru. Ọ́fíìsì náà tutù bí inú fíríìjì. Bí mo ṣe ń rìn wọlé ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi pé ẹni tó tẹ́ táìlì wọn kò fi símẹ́ǹtì kún abẹ́ rẹ̀, ó ń dún bíi páànù òfìfo. Àǹtí Ọ́fíìsì fún mi ní omi. Ó ní ká má bínú, pé àwọn ọmọ wa dára, pé ìṣòro náà gan-an nìyẹn, wọn ò jọ ọmọ aláìní. Ó ní àwọn tó ń mú owó wá jìnnà, wọn ò mọ̀ wá, fótò nìkan ni wọ́n ń rí, bí fótò náà kò bá sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn, wọn kì í ki ọwọ́ bọ àpò. Ó fi ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn hàn mí. Ọmọ kan jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀ lé itan. Ó ní òun fẹ́ràn wa, òun á tún wá lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n wọ aṣọ ilé, kí ẹnikẹ́ni má dirun fún wọn. Bí wọ́n bá lè bọ́ bàtà, á dára. Kí ọmọ tí òun gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kú yẹn sì múra láti sọ̀rọ̀.

Mo gbà. Ibi tí Bọ̀ọ̀dá Rájí kò mọ̀ nìyẹn, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Mo ro òrùlé, mo ro gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, mo sì ní wákàtí kan péré ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn òbí, Ìyá Kẹ́hìndé dìde. Ó ní òun wẹ ọmọ òun fún àlejò, àlejò ní ọmọ òun ti mọ́ jù, ṣé kí òun wá lọ fi ẹrẹ̀ pa á ni? Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Ó ní òun ti gbọ́, ọmọ òun á wá, ṣùgbọ́n ojú òun kò ní sí níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ dé. Kafilat bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fi í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún mi kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Ó jókòó. Wọ́n bi í nípa bàbá rẹ̀. Ó ní ó ti kú. Wọ́n ní báwo ló ṣe kú. Ó ní ó já bọ́. Wọ́n ní báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Ó yíjú wò mí, èmi náà sì ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá ọ̀kan tí ẹnì kejì rẹ̀ kò tiẹ̀ rí ibi tó gbà kọjá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ayàfótò pariwo pé kó má rẹ́rìn-ín, kó tẹrí ba, kó ṣe bí ẹni tí ó rẹ̀.

Ọmọ náà gbé pátákó rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bá mi, ó rọra bi mí pé Àǹtí Múínà, ṣé bí òun bá borí, wọn ò ní fún wa ni?

Ìtìjú bò mí, Màmá, irú èyí tí kò bò mí rí láyé mi. Mo yọ bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo sì de okùn rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn wọ bàtà wọn. Mo yíjú sí Àǹtí Ọ́fíìsì, mo ní bí wọ́n bá fẹ́ fótò, kí wọ́n yà á níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, bí wọn kò bá sì fẹ́, kí wọ́n má ya nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí òun máa kọ. Mo ní kó kọ ohun tó rí. Ó ní òun ń gbìyànjú láti ràn wá lọ́wọ́ ni. Mo ní òrùlé la béèrè, a kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni wá káàánú wa, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ní òrùlé kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ohùn mi lọ sókè, mi ò sẹ́. Gbogbo àdúgbò gbọ́ mi. Bóyá ìyẹn ni Bọ̀ọ̀dá Rájí gbọ́ ní Ìgbòho.

Wọ́n kọ̀wé sí wa pé ẹgbẹ́ wa kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Àwọn òbí kan bínú sí mi, bàbá kan ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mi ò bá a jà, ọmọ rẹ̀ lòun náà ń rò. Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá ní ohun tí mo sọ ló wà lẹ́nu òun láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti dọ̀bálẹ̀ ya ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ òun. Mo lọ bá Ìyá Kẹ́hìndé lẹ́bàá ọjà, mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó, irun mi ti ta, kí òun bá mi dì í.

Ẹ má rò pé a ká ọwọ́ lẹ́rán o. A ti ń mọ ògiri náà. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, bíríkìlà kan nínú àwọn bàbá máa ń wá ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, àwọn ìyá ń ru yanrìn, èmi ń fi ohun ìwọ̀n mi yọ wọ́n lẹ́nu. Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù níbi tí a ti ń bá àwọn olówó kọ́lé, a máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́, a kì í jí i. Ògiri ti dé èjìká Kafilat. Atẹ́gùn ṣì ń gba òkè rẹ̀ wọlé, òrùlé kò tíì sí, òjò sì ti ń ṣú. Mi ò mọ ìgbà tí a máa parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà báyìí, yóò gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún lọ tààrà.

Màmá, ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Ẹ ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún tí Bàbá kú? Àwọn kan ní ìlú wa fẹ́ pín ìrẹsì fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú, wọ́n ní àwọn máa wọ ilé dé ilé láti wò wá. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ kó wa lọ sẹ́yìn ilé, ẹ wẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òrí pa wá lẹ́sẹ̀, ẹ wọ aṣọ Iléyá sí wa lọ́rùn, ẹ ní kí n dúró ṣánṣán. Ọkùnrin tó ṣíwájú wọn wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ilé yìí kò tíì burú, wọ́n sì gbé àpò ìrẹsì náà kọjá lọ sí ilé kejì. Gààrí la mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá Rájí sunkún, ó ń bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí a wọ aṣọ oko. Ẹ sọ fún un pé ọmọ yín kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń wá yẹ̀ wò, pé ẹni tó bá fẹ́ fún wa ní oúnjẹ lè fún wa bí a ṣe mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kejì, ẹ ru igi lọ sọ́jà. Bọ̀ọ̀dá Rájí ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé, Màmá. Ẹsẹ̀ mi ń dán lọ́jọ́ náà, ebi sì ń pa mí, mo sì ń rò ó pé kò sí ọmọ tó tó mi ní gbogbo Ìgbòho.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ìpàdé ẹbí pé ta ló kọ́ ọmọ yín ní irú ìgbéraga yìí, ẹ má tijú, ẹ dìde, kí ẹ dá wọn lóhùn.

Mo fi fótò kan sínú lẹ́tà yìí. Ti ọjọ́ Àìkú tí àwọn àlejò kọ́kọ́ wá ni, Ẹ̀gbọ́n Múyìíwá ló fi fóònù rẹ̀ yà á. Èyí tó wọ agbádá ni Kẹ́hìndé, èyí tó gbé pátákó sí ọwọ́ òsì ni Kafilat. Ẹ bá mi fi kọ́ ara ògiri pálọ̀ níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí Ó fún orúnkún yín ní okun, kí ọjà yín tà, kí Ó má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí yóò mú yín tijú nítorí wa. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Rájí dáadáa, ẹ ní mi ò bá a bínú, ẹ ní kó wá wo ògiri wa bó bá dé Èkó, kó sì mú ṣọ́bìrì dání. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí gbogbo ọ̀nà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ wẹ̀ fún àlejò,
Múínátù.